Sí Sìdíkátù, Nípa Fóònù Bàbá Alápẹ̀rẹ̀

Sìdíkátù, Àjọkẹ́ mi,

Ohun tí mo rí láàárọ̀ òní, lẹ́yìn tí ọkọ̀ rẹ gbéra ní Kétu tí mo sì padà sílé, nìyí.

Bẹ́ẹ̀dì rẹ: o tẹ́ ẹ dáadáa, ju bí o ṣe ń tẹ́ ẹ láti ọjọ́ tí o ti ń sùn lórí rẹ̀. Ìṣó tí o máa ń fi kànrìnkàn rẹ kọ́: kò sí nǹkan kan lára rẹ̀. Sálúbàtà rẹ aláwọ̀ ewé: ẹsẹ̀ kan lábẹ́ àga, ìkejì lẹ́nu ọ̀nà. Ife tíì rẹ: o mu ún dé ìdajì, ó ti tutù. Nínú ṣọ́ọ̀bù níwájú ilé: kọ̀ǹpútà tí o ti pa, wáyà mẹ́ta tí o ká jọ, síkúrúdiréfà mẹ́rin nínú márùn-ún. Èyí tó kéré jù ti bá ọ lọ sí Abẹ́òkúta. Mo rí i. Máa lò ó. Lórí tábìlì iṣẹ́: fóònù Bàbá Alápẹ̀rẹ̀, tí o fi sẹ́lótéèpù lẹ bébà pélébé mọ́ lẹ́yìn. Lórí bébà náà, ìwé ọwọ́ rẹ: "Ó ti ń ṣí. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti lọ tẹ́lẹ̀. Omi."

Mo ka bébà yẹn lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí n tó jókòó.

O mọ̀ mí, mi ò mọ ọ̀rọ̀ sọ lẹ́nu. Ní ibùdókọ̀ láàárọ̀, nínú gbogbo ohun tí mo ti tò sínú láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, "Ṣé o mú omi dání?" nìkan ni mo rí sọ. Bírò ló máa ń yá mi. Látìgbà tí mo ti jáde ní sẹ́kọ́ńdírì, tí mo gbé ìwé ẹ̀rí mi pẹ̀lú oyún rẹ délé lọ́dún kan náà, mi ò kọ lẹ́tà tó gùn tó báyìí rí. Àwọn èèyàn tó bá rí wa pọ̀ ṣì máa ń bi mí pé ṣé àbúrò mi ni ọ́. Torí náà má ronú pé àgbàlagbà kan tó mọ gbogbo nǹkan ló ń bá ọ sọ̀rọ̀. Ẹni tó fi ọdún mọ́kàndínlógún péré jù ọ́ lọ ni, ó sì ti ṣe àṣìṣe púpọ̀.

Lọ́la ni o máa kọ́kọ́ jókòó sídìí kọ̀ǹpútà nínú ṣọ́ọ̀bù ẹlòmíràn. Ọ̀gá rẹ tuntun ti sọ fún mi pé àwọn tó wà lọ́dọ̀ òun mọ bí wọ́n ṣe ń pààrọ̀ gíláàsì àti bátìrì, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó mọ iṣẹ́ inú fóònù. Ìwọ nìkan ni. Ìyẹn ni pé kò sí ẹni tí yóò dúró lẹ́yìn rẹ wo ohun tí o tẹ̀. Àwọn fóònù àtijọ́ ni wọn yóò máa kó wá bá ọ, àwọn tó bá tàn tán tí wọ́n á dúró sójú lógò bí ẹni tó gbàgbé ohun tó fẹ́ sọ. Àwọn tó ṣe wọ́n kò rántí wọn mọ́, wọn ò sì rán nǹkan tuntun sí wọn. Àwa la máa ń fi sọ́fútíwíà tí àwọn ẹlòmíràn ṣe nu ọpọlọ wọn nù, tí a ó da òmíràn sí i, tí fóònù á tún jí. Iṣẹ́ tó dùn mọ́ mi ni. Títí di òní, tí lógò bá ti kọjá tí fóònù bá béèrè èdè tí mo fẹ́, inú mi máa ń dùn bíi pé èmi ni mo bí i.

Ó yẹ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárọ̀ yìí fún ọ ní ẹsẹẹsẹ.

Aago mẹ́jọ kọjá díẹ̀ ni ìyàwó Bàbá Alápẹ̀rẹ̀ dé. Ó fẹsẹ̀ rìn wá sí Ìkòsì níbí. Mo fún un ní àga, kò jókòó. Ó ní láti àná tí Bàbá ti fi fóònù sílẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ rẹ, wọn ò jẹ oúnjẹ òun. Wọ́n ní òun lòun gbé fóònù sórí fèrèsé nígbà tí òun ń fọṣọ. Wọ́n ní fóònù tí ọmọ àwọn rà fún àwọn, tí àwọn ti ń lò láti ọdún mélòó kan wá, òun ló fi omi ọṣẹ pa á. Obìnrin yẹn kò pariwo. Ohun tó sọ nìyí, mo kọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́:

"Ìyá Sìdí, mi ò wá bá ọmọ yín jà o. Ó mọṣẹ́. Mo kàn fẹ́ mọ̀ bóyá omi ọ̀hún pọ̀ ni àbí ó kéré. Tó bá jẹ́ èmi ni, kí n lọ bẹ̀ wọ́n, kí wọ́n lè jẹun."

Mo ní kí Màmá jẹ́ kí n yẹ̀ ẹ́ wò. Mo tú ẹ̀yìn fóònù. O rántí bébà funfun kékeré tó máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí bátìrì ń wọ̀, tó máa ń di pupa tí omi bá kàn án? Funfun ló wà. Ó funfun bí eyín ọmọdé. Mo tan kọ̀ǹpútà, mo ṣí ìwé tí sọ́fútíwíà máa ń kọ fúnra rẹ̀, níbi tó ti ń to gbogbo ohun tí a bá ní kó ṣe sílẹ̀. O gbàgbé pé ó ń kọ ọ́. Ọjọ́ Ẹtì, aago mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú méjìlá: "Format All". Mo wo inú fódà tí a máa ń tọ́jú ẹ̀dà sí. Kò sí ẹ̀dà kankan.

Omi kọ́, Àjọkẹ́ mi. Ìwọ ni. O nu gbogbo rẹ̀, títí kan nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí fóònù fi ń bá nẹ́tíwọ́ọ̀kì sọ̀rọ̀, tí a ń pè ní IMEI. Fóònù tí kò bá ní in dà bí ẹni tó dé ẹnu géètì tí kò lè dárúkọ ara rẹ̀.

Mo sọ fún Màmá pé omi kò kàn án. Wọ́n ní kí ló wá ṣe é. Mo ní kí wọ́n fún mi di ìrọ̀lẹ́. Ṣé o rí i, èmi náà bẹ̀rù. Ìdajì òótọ́ ni mo fún wọn, mo sì fi ìdajì pa mọ́. Wọ́n ti ń lọ, wọ́n bá tún yíjú padà. "Ṣé kí n sọ pé ẹ̀yin lẹ sọ bẹ́ẹ̀? Torí tó bá jẹ́ ẹnu tèmi ló ti jáde, wọn ò ní gbà." Mo ní kí wọ́n sọ pé èmi ni mo sọ ọ́.

Mi ò bínú sí ọ. Mo fẹ́ kó hàn dáadáa níbí: mi ò bínú. Ní àná, nígbà tí o sọ ọ́ fún Bàbá, ẹ̀yìnkùlé ni mo wà, mò ń ṣan ìrẹsì, mo sì gbọ́ ọ. "Daddy, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ẹ̀ ti lọ kí ẹ tó gbé e wá o. Ó jọ pé omi kàn án." Ohùn rẹ rọlẹ̀, ó mọ́ra. Mo gbà ọ́ gbọ́. Òwúrọ̀ yìí, níwájú kọ̀ǹpútà, ni mo tó mọ ibi tí mo ti gbọ́ ohùn yẹn rí. Ohùn mi ni.

Jẹ́ kí n sọ ọ́ fún ọ. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni ọ́ nígbà yẹn. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá mi ní Kétu, lábẹ́ àtẹ̀gùn ilé alájà mẹ́ta kan. Tí o bá ti dé láti ilé ìwé, abẹ́ tábìlì mi ni o máa ń jókòó sí pẹ̀lú yúnífọ́ọ̀mù rẹ, nítorí kò sí ibòmíràn tó ṣófo.

O ò ní rántí dáadáa bí wọ́n ṣe ń lo ọ̀rọ̀ náà "fíláàṣì" lákòókò yẹn. Tí ẹnì kan bá ní "fíláàṣì mi," ohun tó ń sọ ni pé kí o pe òun kí o sì tètè gé e, kí nọ́ńbà rẹ lè wọlé sórí fóònù òun. Gbogbo Èkó ló mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú ṣọ́ọ̀bù tiwa, ọ̀rọ̀ kan náà ni a ń lò tí a bá fẹ́ nu inú fóònù nù kí a da òmíràn sí i. Mo ti jókòó síbẹ̀ fún oṣù mẹ́fà, mo sì ti gbàgbé pé ọ̀rọ̀ náà ní ìtumọ̀ mìíràn níta.

Obìnrin kan wọlé. Ó ń dirun ní Ajégúnlẹ̀, èyí tó wà létí odò lọ́hùn-ún, nítòsí Owódé Onírin. Ó gbé fóònù rẹ̀ fún mi, ó ní, "Ọmọ mi, bá mi fíláàṣì ẹ̀ wò, ó dà bíi pé kò dún mọ́." Ó ní òun ń sáré lọ ra nǹkan ní Mile 12.

Mo bá a fíláàṣì ẹ̀.

Ṣé o ti gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀? Ó fẹ́ kí n pe nọ́ńbà òun ni, ká gbọ́ bóyá fóònù á dún. Èmi so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, mo nu ún mọ́ fónífóní. Nígbà tó dé, inú mi dùn láti gbé e fún un, nítorí ó ń sáré bíi tuntun. Ó tẹ ibì kan, ó tún tẹ ibòmíràn. Ó ní, "Àwọn fọ́tò mi dà?"

Omi ti wọ ilé rẹ̀ lọ́dún tó ṣáájú, bó ṣe máa ń wọ ilé wọn. Ó ba báàgì tí gbogbo fọ́tò rẹ̀ wà nínú rẹ̀ jẹ́: ìyá rẹ̀, ìgbéyàwó rẹ̀, ọmọ rẹ̀ àkọ́kọ́ tí kò sí láyé mọ́. Kó tó da àwọn bébà tó ti rà náà nù, ó tẹ́ wọn sórí páànù, ó sì fi fóònù yẹn ya wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Mẹ́tàlélógójì ni. Ó ka iye wọn fún mi.

Mo wò ó lójú, Sìdíkátù. Mo ní, "Màmá, mẹ́mọ́rì rẹ̀ ti kú kó tó dé ọwọ́ wa."

Kò bú mi. Ó ní, "Omi náà ló tún tẹ̀ lé mi dé ibí." Ó kó ẹ̀bi náà lé ara rẹ̀ lórí, ó ní kò yẹ kí òun máa gbé fóònù kiri inú ọ̀rinrin. Lẹ́yìn náà ló wá dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. "O ṣé, ọmọ mi, o gbìyànjú." Títí mo fi kúrò lábẹ́ àtẹ̀gùn yẹn, kò sígbà tó kọjá tí kò kí mi.

Bísíkíìtì ni ìwọ ń jẹ lábẹ́ tábìlì. Nígbà tó lọ tán, o gbórí sókè, o ní, "Màmi, ṣé ó ti kú lóòótọ́?"

Mo ní, "Jẹun ẹ."

Ohun tí mo fi dá ọ lóhùn nìyẹn. Mo ti ní ṣọ́ọ̀bù tara mi kí n tó ní ìgboyà láti wá obìnrin náà lọ. Mo dé Ajégúnlẹ̀. Ilẹ̀kùn ilé náà kò sí mọ́, ìlà omi sì dé ìdajì fèrèsé lára ògiri. Aládùúgbò ní ó ti kó lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, òun ò mọ ibẹ̀. Mo padà lọ lẹ́ẹ̀kejì. Mi ò rí i. Tí mo bá rí obìnrin tó ga bíi tirẹ̀ ní Mile 12, mo ṣì máa ń yára rìn kí n lè wo ojú rẹ̀.

Ní báyìí, àwọn ohun tí mo fẹ́ kí o dì mọ́ ẹrù rẹ nìyí. Kì í ṣe gbogbo wọn ló jẹ́ ti fóònù.

Èkíní. Má fọwọ́ kan fóònù ẹnikẹ́ni títí yóò fi sọ fún ọ ní ẹnu ara rẹ̀ ohun tó fẹ́ kó máa ṣe tó bá gbà á padà. Má gba ọ̀rọ̀ iṣẹ́ lẹ́nu ẹni tí kì í ṣe oníṣẹ́. Tó bá ní "fíláàṣì", tó bá ní "fọ́máàtì", tó bá ní "ṣí i", bi í pé kí ló túmọ̀ sí lọ́dọ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, sọ tìrẹ fún un: "Màmá, gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ máa lọ o. Fọ́tò, nọ́ńbà, ohùn èèyàn. Ṣé kí n ṣe é?" Kí o wá dákẹ́ dúró. Tó bá ní "ṣe èyí tó bá yẹ", kò tíì dá ọ lóhùn. Tún bi í.

Èkejì. Má gba ẹ̀yìn fóònù gbọ́. Wọ́n ti pààrọ̀ ẹ̀yìn púpọ̀ nínú wọn ní ọjà. Wo nọ́ńbà abẹ́ bátìrì, kí o tún wo èyí tí kọ̀ǹpútà bá kà jáde, kí méjèèjì bára mu kí o tó wá fáìlì tí o máa dà sí i. Mo gba ẹ̀yìn fóònù kan gbọ́ rí, mo da ọpọlọ ẹlòmíràn sínú rẹ̀. Ó ṣí lóòótọ́, ṣùgbọ́n tí o bá fọwọ́ kan apá òsì, apá ọ̀tún ló ń dáhùn. Mẹkáníìkì tó ni ín ní, "Àǹtí, ẹ ti sọ fóònù mi di ọ̀gá mi. Mo ní kó wá síbí, ó gba ọ̀hún lọ." Ó rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín títí mo fi rí fáìlì tó bá a mu, ó sì gbà mí ní ọjọ́ méjì.

Ẹ̀kẹta. Tọ́jú ẹ̀dà kí o tó nu ohunkóhun. Mo ti sọ èyí fún ọ tó ìgbà ọgọ́rùn-ún, o sì máa ń dáhùn "Mo ti gbọ́, Mummy" kí n tó parí rẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló ń gbà. O ò ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ́jọ́ Ẹtì nítorí o fẹ́ lọ kó aṣọ rẹ lọ́dọ̀ télọ̀. Mo mọ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá yẹn ló kó Màmá kan rìn láti Alápẹ̀rẹ̀ dé Ìkòsì láàárọ̀ Sọ́ńdè. Má sì tẹ "Format All" àyàfi tí o bá ti gbìyànjú gbogbo èyí tó rọrùn jù ú lọ, tí ẹ̀dà sì wà nílẹ̀.

Bátìrì gbọ́dọ̀ ju ìdajì lọ. Má gbẹ́kẹ̀ lé iná. Má gbé ife sí ẹ̀gbẹ́ wáyà. Ìwọ yìí pàápàá, pẹ̀lú tíì rẹ.

Àwọn sọ́fútíwíà yìí, àwọn tí a ò mọ̀ rí ló ṣe wọ́n, kì í ṣe àwọn tó ṣe fóònù. Àwọn kan nínú wọn dára ju ohun tí a lè rà lọ. Òmíràn sì wà tí wọ́n ti fi nǹkan pa mọ́ sínú rẹ̀. Kọ̀ǹpútà tí mo kọ́kọ́ ní, èyí tí bàbá rẹ ra kó tó di pé Ọlọ́run pè é, irú rẹ̀ ni mo gbé wọ inú rẹ̀ láti ibì kan tí mi ò yẹ̀ wò, kò sì tàn mọ́. Ohun tí ẹni kan ṣoṣo bá yìn, fi í sílẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ ti lò tí wọ́n sì sọ ibi tó kù sí, ìyẹn ni kí o lò. Kọ̀ǹpútà iṣẹ́, iṣẹ́ nìkan ni kó máa ṣe. Má fi ṣí báǹkì rẹ.

Tí ẹnì kan bá gbé fóònù tí a ti tì pa wá tí kò lè sọ ẹni tó tì í, dá a padà fún un. Tó bá ní kí o fún fóònù ní nọ́ńbà ìdánimọ̀ mìíràn tí kì í ṣe tirẹ̀, dá a padà kíákíá. Tí ọ̀gá rẹ bá ní kí o ṣe é, pè mí, èmi fúnra mi yóò wá kó ẹrù rẹ.

Fọ́tò tó wà nínú fóònù oníbàárà, má wò ó. Mo mọ̀ pé o kì í wò ó. Mo kàn fẹ́ kí o mọ̀ pé mo ti rí i pé o kì í wò ó.

Jẹun láàárọ̀. Tíì nìkan kì í ṣe oúnjẹ.

Mo dá bírò dúró níbí, mo lọ kírun Ayìlá. Nígbà tí mo dé, mo tún gbé fóònù Bàbá wò. Iṣẹ́ náà ṣeé ṣe. A lè dá nọ́ńbà rẹ̀ gan-an padà sínú rẹ̀, tí a bá mọ̀ ọ́n. Abẹ́ bátìrì ni mo kọ́kọ́ wò: bébà tí wọ́n kọ ọ́ sí ti họ, nọ́ńbà mẹ́ta àkọ́kọ́ nìkan ló kù. Ibì kan ṣoṣo tó tún kù tó lè wà ni ara páálí tí wọ́n fi ta á.

Ṣé o rí bó ṣe rí? Bí a bá di bébà rẹ yẹn mú, pé omi ló pa á, a ò ní ìdí kankan láti béèrè páálí lọ́wọ́ Bàbá. Ta ló ń béèrè páálí fóònù tí omi pa? Irọ́ náà gan-an ló jókòó lé ohun tí a fi lè tún un ṣe. Bó ṣe rí fún obìnrin Ajégúnlẹ̀ náà nìyẹn. Ká ní mo sọ òótọ́ fún un lójú ẹsẹ̀, ọ̀gá mi wà nínú ilé, ó mọ àwọn tó ń hú fọ́tò jáde nínú fóònù tí wọ́n bá ti nù. Bóyá wọn ì bá rí márùn-ún. Bóyá wọn ì bá rí ọmọ yẹn. Mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbìyànjú.

Mo pe Bàbá lórí fóònù Màmá. Mo ní, "Bàbá, omi ò kàn fóònù yín. Àwa la nu nọ́ńbà inú rẹ̀ nígbà tí a ń tún un ṣe. Ọmọ mi ló ṣe é, èmi ni mo kọ́ ọ. Ẹ má bínú."



"Ìyá Sìdí," wọ́n ní, "Màmá ti sọ fún mi láàárọ̀ pé ẹ ní kì í ṣe omi. Mo ní irọ́ ló ń pa mọ́ yín."

Mo ní òótọ́ ni Màmá sọ. Mo wá béèrè páálí. Bàbá mí kanlẹ̀. Wọ́n ní àwọn kì í tọ́jú páálí, ṣùgbọ́n obìnrin inú ilé àwọn kì í da páálí kankan nù, ti bàtà, ti fáànù, ti ohunkóhun, àti pé ó ti tó ogún ọdún tí àwọn ti ń bá a jà lórí rẹ̀. Mo gbọ́ tí wọ́n pè é. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ láti òkèèrè, ó ní, "Páálí tí ẹ ní kí n jó?"

Wọ́n jọ wá lẹ́yìn ìrun Alásàárì. Màmá ló gbé páálí dání nínú ọ̀rá. Bọ́tìnnì, abẹ́rẹ́ àti òwú ló kún inú rẹ̀. Ó da gbogbo rẹ̀ sórí tábìlì mi kí n lè rí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dáadáa. Nọ́ńbà méjèèjì, ọ̀kan fún ojú síìmù kọ̀ọ̀kan, wà níbẹ̀, kò sí èyí tó pa rẹ́. Mo bá àwọn mẹ́ta àkọ́kọ́ wé ti abẹ́ bátìrì, ó bára mu. Màmá ń kà á fún mi ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, mò ń tẹ̀ ẹ́, Bàbá sì ń wo ẹnu rẹ̀ bíi pé ó lè fo ọ̀kan. Mo pa fóònù, mo tún un tàn. A dúró. Lógò kọjá. Ìlà nẹ́tíwọ́ọ̀kì kékeré méjì jáde lókè, ó di mẹ́ta.

Bàbá wá gbé fóònù náà lọ́wọ́ mi, wọ́n ní, "Jẹ́ kí n fíláàṣì ẹ̀ wò."

Àjọkẹ́ mi o! Mo ti na ọwọ́ láti gbà á kí n tó mọ̀. Àfi bí fóònù kan ṣe ń dún nínú báàgì Màmá. Ìyàwó wọn ni wọ́n ń pè, kí ara wọn lè balẹ̀ pé ó ń lọ. Màmá kò jẹ́ kí Bàbá gé e. Ó gbé e, ó fi sétí, ó dúró sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ rẹ̀ gan-an, ó ní, "Ta ni?"

Bàbá ní, "Èmi tí mi ò jẹun láti àná ni."

"Oúnjẹ wà nílé," Màmá ní. "Tí ẹ bá ti bẹ̀ mí tán."

Bàbá ní kí n sọ fún ọ pé àwọn ò bá ọ jà, ṣùgbọ́n àwọn fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ. Èmi náà fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Mo ti sọ tèmi. Mi ò lè bá ọ sọ tìrẹ. Nọ́ńbà wọn wà nínú fóònù rẹ. Pè wọ́n kí o tó wọ ṣọ́ọ̀bù yẹn lọ́la. Bàbá ni kí o kọ́kọ́ pè, lẹ́yìn náà Màmá, nítorí Màmá ni irọ́ náà bà. Má gùn ún. "Èmi ni mo ṣe é, omi kọ́, ẹ dárí jì mí." Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó máa ṣòro, èmi náà mọ̀, mo ṣe é lónìí. Lẹ́yìn rẹ̀, o máa rí i pé o lè mí.

Màá ya fọ́tò ojú ewé lẹ́tà yìí lọ́kọ̀ọ̀kan, màá fi ránṣẹ́ sí ọ kí o lè rí i lálẹ́ yìí. Bébà rẹ̀ á wà nínú dúrọ́ọ̀ mi. Mo ti já bébà pélébé tìrẹ kúrò lẹ́yìn fóònù Bàbá, mo sì tọ́jú rẹ̀ mọ́ ọn, kì í ṣe láti fi bá ọ wí. Ìwé ọwọ́ rẹ ni, ilé sì ti dákẹ́.

Ó ku ọ̀kan. O bi mí ní ìbéèrè kan lábẹ́ tábìlì, mi ò dá ọ lóhùn, mo ní kí o jẹun. Ìdáhùn rẹ̀ nìyí, ó pẹ́ díẹ̀: Rárá, ọmọ mi. Kò tíì kú. Èmi ni mo pa á.

Aago ṣọ́ọ̀bù ti lu márùn-ún kọjá ogún ìṣẹ́jú, oòrùn ṣì wà lójú fèrèsé. Láti aago mẹ́rin àárọ̀ tí mo ti jí dì ọ́ lẹ́rù, mi ò tíì na ẹ̀yìn. Bẹ́ẹ̀dì tìrẹ ni mò ń lọ dùbúlẹ̀ sí. Mi ò ní bà á jẹ́ púpọ̀.

Ìyá rẹ.